Owó oṣù tíṣà ló ń jẹ́ kí n lè sọ pé rárá

Tíṣà ni mí láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ilé ìwé aládàáni kan nílùú Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, tó bá wá di Sátidé ẹ máa bá mi lóde pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí, èyíkéyìí tí Ọlọ́run bá gbé wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa ń wọ inbox mi, kámẹ́rà wo ni kí n rà, lẹ́ńsì wo ló dáa, ṣé Lightroom ni kí n fi ẹ́díìtì fọ́tò àbí Photoshop, mo dẹ̀ máa ń dá wọn lóhùn, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ńsì ló ń gba oorun lójú mi. Àwọn nǹkan tí kọsítọmà máa ń ní kí n ṣe tàbí kí n má ṣe, ìyẹn ló ń gba oorun lójú mi, òun ni mo dẹ̀ fẹ́ sọ lónìí, ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀ torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé o níṣẹ́ mìíràn, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kò yẹ kí owó rẹ wọ́n. "Tíṣà, ṣebí owó oṣù ń wọlé, ẹ fi èyí ṣe wá lóore." Ojúlùmọ̀ ló máa ń sọ ọ́ jù, òbí ọmọ ilé ìwé, ará ṣọ́ọ̀ṣì, aládùúgbò. Ó dẹ̀ máa ń ṣe èèyàn bíi kó gbà, torí lóòótọ́, tí mi ò bá rí òde kankan gbà lóṣù yìí, ebi ò ní pa mí sùn. Kí n tó dá iye lé iṣẹ́ mi rárá, mo lọ bá ọ̀gá kan tó ní sítúdíò ní Mọ́kọ́lá, bàbá tó ti ń ya fọ́tò látìgbà fíìmù, iṣẹ́ yìí nìkan ni wọ́n fi rán àwọn ọmọ wọn lọ sílé ìwé gíga. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, èló lẹ máa ń gbà fún òde? Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Tíṣà, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ nínú yín tó wá bi mí. Àwọn yòókù, ọjà wa ni wọ́n ń bà jẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì á gba òde ní ₦30,000 torí pé ó kàn fẹ́ràn kámẹ́rà, èmi tí mò ń san owó ṣọ́ọ̀bù, tí mo ní ọmọ iṣẹ́ tó ń wojú mi, kí ni kí n wá gbà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo padà sílé, mo jókòó ṣírò ẹ̀. Canon 6D ni mò ń lò, àwọn tó ṣe é ní ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé tí a bá ya fọ́tò, á tẹ̀ tó ìgbà 100,000. Òde ńlá kan lè gbé fọ́tò 1,500 dání, ẹ ṣírò ìyẹn, tó bá fi máa tó òde 65, ṣọ́tà ti ń wá ẹni tó máa pààrọ̀ ẹ̀. Kì í ṣe Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ṣe kámẹ́rà, dọ́là la fi ń rà á wá, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Epo jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń ẹ́díìtì lóru, tí lítà ẹ̀ ò tó ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ó lé ní ₦1,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ẹ̀, kò sí ìkankan tó rọlẹ̀ nítorí pé mo jẹ́ tíṣà. Ẹni tó ń gba ₦30,000 fún òde ń fi owó oṣù ẹ̀ bá olówó san owó àríyá ni, ó dẹ̀ ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí kò ní owó oṣù. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Torí náà iye tí ọ̀gá ń gbà lèmi náà ń gbà. Tí kọsítọmà bá ní ó wọ́n, mo máa fún un ní nọ́ńbà ọ̀gá àti tàwọn méjì mìíràn kó lọ bá wọn dúnàádúrà. Tí mo bá fẹ́ ṣe ẹnì kan lóore, ọ̀fẹ́ ni mo máa ṣe é, mi ò kì í ta á ní pọ́ọ́kú, torí tí mo bá tà á ní pọ́ọ́kú fún ẹnì kan, iye yẹn ló máa sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí pé fọ́tò ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n owó oṣù yẹn náà ní ohun tó ń ṣe fún mi. Òun ló ń jẹ́ kí n lè sọ pé rárá. Tí owó ṣọ́ọ̀bù bá ti délẹ̀, ó ṣòro kí ọ̀gá Mọ́kọ́lá lé kọsítọmà padà, èmi lè lé e. Mo wá gbà lọ́kàn mi pé tí àwa tí a ń ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀ ò bá kọ ohun tí kò dáa, ta la fẹ́ kó kọ̀ ọ́?

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilà ojú. Ẹbí kan pè mí fún ìsìnkú bàbá wọn, àgbà tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àbàjà mẹ́ta mẹ́ta tó hàn kedere ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àkọ́bí wọn obìnrin tó wà ní London ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ pé kí n fi ṣe pósítà àti iwájú ìwé ètò ìsìnkú, ó wá fi kún un pé, "Bọ̀dá, ẹ bá wa yọ ilà yẹn kúrò, kí ojú Dádì lè mọ́." Lórí kọ̀ǹpútà kò le, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti tán. Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ojú tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ bàbá nìyí." Inú bí wọn. Wọ́n ní ṣé mo mọ ohun tí ojú bàbá àwọn rí nítorí ilà yẹn ni, pé nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ìkankan sójú àwọn ọmọ wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá le. Èmi ń rò pé mò ń gbèjà bàbá, ọmọ bàbá náà ń rò pé òun lòun ń gbèjà wọn, ta ló wá mọ bàbá jù nínú àwa méjèèjì? Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé Dádì fúnra wọn sọ rí pé kí wọ́n yọ ọ́ nínú fọ́tò? Wọn ò dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Mo bẹ àbúrò wọn tó wà nílé pé kó kó gbogbo álúbọ́ọ̀mù wá, ó kó wọn wá, fọ́tò dúdú-òun-funfun tí etí wọn ti pọ́n. Nínú gbogbo wọn bàbá kọjú sí kámẹ́rà tààrà bí àwọn àgbà ṣe máa ń jókòó, ọwọ́ lórí orúnkún méjèèjì, wọn ò yẹjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àfi ẹyọ kan. Wọ́n dé abetí-ajá, wọ́n yíjú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè, òjìji fìlà wá bọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́, ilà wà níbẹ̀ kedere ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wàá kọ́kọ́ rí, ẹ̀rín ojú wọn ni. Mo fọ ìdọ̀tí ara pépà kúrò, mi ò fọwọ́ kan ojú, mo fi ránṣẹ́ sí London. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Wọ́n ní, "Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń wò wá tí a bá ti iléèwé dé." Òun ni wọ́n lò.

Èyí yí ọ̀nà tí mo fi ń sọ rárá padà. Tẹ́lẹ̀, rárá ni màá sọ, ó parí. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ẹni tó ní kí n pa nǹkan rẹ́ ní ìdí, ìdí náà lè jẹ́ ìfẹ́, torí náà iṣẹ́ mi ni kí n wá fọ́tò mìíràn, ìmọ́lẹ̀ mìíràn, igun mìíràn. Àwọn ojú yẹn ń tán lọ o. Ọ̀pọ̀ ti jáwọ́ nínú ilà tipẹ́, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 dẹ̀ ti ka kíkọ ọ́ fún ọmọdé léèwọ̀, ó dẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá yá, fọ́tò nìkan làwọn ọmọ wa máa fi mọ bí pélé àti gọ̀ǹbọ́ ṣe rí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tèmi ló pa á rẹ́.

(Àwọn tó máa ń ní "ẹ jẹ́ kí n pupa díẹ̀", ìyẹn ò gba àkókò mi. Mo máa tan iná sí ọ lójú dáadáa, mo máa yọ irorẹ́ torí irorẹ́ á lọ fúnra ẹ̀, mi ò ní yí àwọ̀ rẹ padà. Àpá tó máa wà lára rẹ títí, ìwọ tó ni ín ló máa sọ fún mi bóyá kó wà níbẹ̀ tàbí kó má wà.)

Èyí tó le ju ìyẹn lọ ni ti ìyá ìbejì kan. Kẹ́hìndé fẹ́ pé ọdún márùn-ún, Táyé ò sí mọ́ látìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré. Ìyá wọn ní kí n ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì nínú aṣọ kan náà, kí n so wọ́n pọ̀, kí ó dà bíi pé àwọn méjèèjì ló jókòó síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò fẹ́. Ó ní ìbọ̀rìṣà ni, òun ò fẹ́ ẹ nínú ilé òun. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá Mọ́kọ́lá lọ, bí mo ṣe sọ ọ́ tán wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ Photoshop, ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Wọ́n ní àwọn fọtógíráfà àtijọ́ ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà, bí irú àwọn tó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún. Èyí tó kù láyé ni wọ́n máa yà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, apá ọ̀tún àti apá òsì. Tó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un lẹ́ẹ̀kan. Àwọn òbí tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí wọn ò gbà kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì mọ́, irú fọ́tò yẹn ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ dípò ère.

Torí náà ìbẹ̀rù ọkọ kì í ṣe asán, mo dẹ̀ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, mi ò fi ohunkóhun pa mọ́. Mo ní ó ní ìdílé tó ń tọ́jú irú fọ́tò yẹn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ère, ó dẹ̀ ní èyí tó jẹ́ pé ìrántí lásán ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Wọ́n jókòó sọ ọ́. Wọ́n gbà pé yàrá ìyá ló máa wà. Ohun tó kù tó ń dá mi lóró ni Kẹ́hìndé fúnra ẹ̀, torí òun la fẹ́ yà, kò dẹ̀ sẹ́ni tó bi í. Mo ní mi ò ní gbé kámẹ́rà àfi tí ìyá bá ti sọ fún un ẹni tí èkejì jẹ́. Ìyá sọ fún un, mi ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ yà á, ọmọ náà jókòó fún tiẹ̀, nígbà tó kan ti Táyé ó ní dúró ná, ó lọ gbé bàlúùnù wá, ó ní Táyé ló máa mú èyí dání. Mo tẹ ẹyọ kan, mo kó fáìlì fún wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé gbogbo ayé ló máa pín in. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, mo dẹ̀ kọ̀.

Ọ̀rẹ́ yìí náà ló bi mí pé kí ló dé tí mo kọ̀ láti yọ ilà, tí mo wá gbà láti fi ọmọ tí kò sí kún fọ́tò, ṣé kì í ṣe irọ́ ni méjèèjì ni? Mo rò ó títí. Pósítà ìsìnkú ń bá gbogbo ará ìlú sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún wọn pé bí bàbá yìí ṣe rí nìyí. Fọ́tò ìbejì, inú yàrá kan ló wà, gbogbo ẹni tó ń wò ó ló mọ ohun tí wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ.

Ti owó níná lóde, òfin ti wọ̀ ọ́ báyìí. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà mọ́ èèyàn lórí tàbí tó ń jó lórí ẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6 tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000 ló ń dúró dè é, tàbí méjèèjì. Kò sẹ́ni tó kà á sí tẹ́lẹ̀, àfìgbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024 tí kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 lórí ẹ̀ láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Àwa tí a wà nídìí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa lójú. Kọsítọmà ṣì fẹ́ fọ́tò yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó yí i ká, owó lórí gèlè, onílù ń ki bàbá ọkọ, bí o ò bá yà á wọ́n á ní o ò ya òde. Mo ń yà á, mo ń kó o fún ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n mi ò kì í gbé e sórí pèèjì mi mọ́, torí àlejò tó ń náwó yẹn kọ́ ló bá mi dá àdéhùn, kò mọ̀ mí, kò dẹ̀ yẹ kí ìpolówó tèmi di ẹ̀rí tí wọ́n máa fi mú un. Mo máa ń sọ fún kọsítọmà náà ṣáájú òde pé kó kìlọ̀ fún àwọn ẹbí ẹ̀. Àwọn kan ti ń lo àpò ìwé báyìí, wọ́n á jó dé iwájú, wọ́n á fi àpò ìwé lé ìyàwó lọ́wọ́. Lójú kámẹ́rà kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀, mo gbà.

Ti àwọn ọmọdé, ẹ̀yin tíṣà bíi tèmi, ẹ ṣọ́ra gidi. Òfin ààbò dátà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2023 sọ pé òbí tàbí alágbàtọ́ ló ní àṣẹ lórí ìsọfúnni ọmọ. Mo bẹ̀bẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé pé ṣé a lè lo fọ́tò ọmọ yín. Wọ́n rò pé wàhálà lásán ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un. Ìyá kan kọ "rárá" síbẹ̀, ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bàbá ọmọ náà ò mọ ibi tí àwọn ń gbé, àwọn ò dẹ̀ fẹ́ kó mọ̀. Fọ́tò ìparí ọdún kan ṣoṣo lórí Facebook, pẹ̀lú orúkọ iléèwé lára yúnífọ́ọ̀mù, ó ti tó láti fi wá wọn rí.

Lórí bálánsì, àdéhùn mi ni pé ìdá méje nínú mẹ́wàá jẹ́ àsansílẹ̀, ìyókù láàárọ̀ ọjọ́ òde kí n tó tẹ fọ́tò kan. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń pa á mọ́. Tí ìgbéyàwó bá ṣì jẹ mí lówó, fọ́tò á dúró dè wọ́n lọ́dọ̀ mi. Tó bá jẹ́ ìsìnkú, mo máa ń fi sílẹ̀ fún wọn yálà wọ́n ti san án tán tàbí wọn ò tíì san án tán. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá ẹ̀, tí oníkánópì àti olóúnjẹ ń pè é láàárọ̀ lálẹ́, mi ò lè máa fi ojú ìkẹyìn ìyá ẹ̀ há a mọ́wọ́. Àwọn kan san án lẹ́yìn ọdún kan, àwọn kan ò san án rí. Ọ̀gá ní òun ò lè ṣe irú ẹ̀, mi ò dẹ̀ bá wọn jiyàn, èmi lowó oṣù ń wọlé fún. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí n wá bá wọn ní Mọ́kọ́lá, ojú kámẹ́rà mi ti tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, mo dẹ̀ dúpẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣì máa wá lóòrèkóòrè.

Ọ̀kan wà nílẹ̀ tí mi ò tíì yanjú. Ìyàwó kan tí mo ya ìgbéyàwó wọn ní òun àti ọkọ òun ti pínyà, kí n yọ gbogbo fọ́tò wọn kúrò lórí pèèjì mi, kí n dẹ̀ pa fáìlì rẹ́ pátápátá. Fọ́tò wọn ló ń mú kọsítọmà wá fún mi jù. Mo sọ fún ọkọ, ó ní òun lòun sanwó, kí n má yọ nǹkankan. Òfin ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá ti ọdún 2022 sọ pé èmi tí mo yà á ni mo ni ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi fún ìlò inú ilé lè ní kí n má tẹ̀ ẹ́ jáde fáráyé, èmi dẹ̀ gbà pé ìyàwó náà gbé iṣẹ́ yẹn fún mi bí ọkọ ṣe gbé e fún mi, ẹnikẹ́ni tó bá sanwó nínú wọn. Mo yọ ọ́ kúrò lórí pèèjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Pípa á rẹ́ ni mi ò lè ṣe, torí wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan, ọmọ yẹn lè fẹ́ rí ojú àwọn òbí ẹ̀ àtàwọn òbí wọn lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà tó jó lọ́jọ́ náà pàápàá ti lọ. Mo dábàá pé kó wà nínú háàdì dísíìkì lọ́dọ̀ mi, kí n má fún ẹnikẹ́ni àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ gbà, tàbí tí ọmọ bá dàgbà tó fúnra ẹ̀ béèrè. Ìyàwó ti gbà bẹ́ẹ̀. Mò ń retí ọkọ, tó bá kọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìhà méjèèjì ni mo máa gbà lọ.